Mo Fagbára Yọ Ọ́, Fèrè Odò Sì Dákẹ́

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. N kò pe ẹnikẹ́ni kó bá mi tún un ṣe, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Virgilio Sailema ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Runtuloma ni mo ń gbé, lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín wa ní Ecuador. Mo ń gbin pòtétò, mo sì ń sin màlúù méjì.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ara àpò oúnjẹ adìyẹ ni mo ti kọ́ ọ, àti ara pátákó ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ohun tí mo fi ń gbéra ga nìyẹn. Òun náà ló pa Efraín.

Efraín ló gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un. Láti ọjọ́ náà la ti ń pe ara wa ní kompadre, tí Rosaura ìyàwó rẹ̀ sì di komadre mi. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn lè bá àbúrò rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè sí kompadre rẹ̀.

Lójoojúmọ́, Efraín máa ń da màlúù mẹ́rin la odò kọjá lọ síbi koríko. Odò náà kéré, kò bo ọrùn ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, eérú tí òkè ti tú jáde á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á gbá òkúta tó tó ilé, gbogbo rẹ̀ á sì ya gba ibẹ̀ wálẹ̀. Oòrùn lè máa ràn lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀ nígbà náà. Ojú kò lè rí i. Fèrè ìkìlọ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó létí odò nìkan ló lè sọ fún wa.

Bí fèrè bá ké, kálukú á sá gun òkè. Bí kò bá ké, a ó kọjá.

Èmi ni alóre Runtuloma. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tó ń gba ìró òkè láti inú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Inú díìsìkì kan ló ń kó gbogbo ohun tó bá gbọ́ sí, àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, màá yọ èyí tó kún, màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó wàrà á sì gbé èyí tó kún lọ sí ìlú fún Ẹnjiníà Maribel Toapanta.

Maribel fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

"Don Virgilio, ṣé ẹ lè fa àga kúrò nídìí ẹni tó jókòó?"

"Bí mo bá fẹ́ kó ṣubú ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Àwọn kan jókòó sórí díìsìkì yìí. Ètò tó ń gbọ́ òkè jókòó sí i. Ètò tó ń darí fèrè jókòó sí i. Tíṣà Fausto tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín náà ń kọ iye òjò tó ń rọ̀ sínú rẹ̀ láti yàrá kejì. Bí ẹ bá tẹ Yọ, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé: a fẹ́ gbé e lọ o, ẹ kó ẹrù yín. Orúkọ ẹni tí kò bá tíì dìde á máa wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ dúró títí orúkọ á fi tán pátápátá."

"Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò dìde ńkọ́?"

"Ẹ pè mí lórí rédíò."

"Kí wá ni ti bọ́tìnnì pupa yìí?"

Ó mú ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. "Ìyẹn ni Fagbára Yọ. Ọjọ́ tí ilé bá ń jó nìkan, Don Virgilio. Ètò tí wọ́n bá já díìsìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kú síbẹ̀, kò sì ní sọ fún yín pé òun ti kú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka orúkọ wọn padà lẹ́yìn tí ẹ bá fi tuntun sí i."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Tíṣà Fausto kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, súwẹ́tà kan ṣoṣo ló ní. Ohun tó ṣe fún mi kò ju èyí lọ: lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn ìyá tó wá mú ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́, ó rí mi tí mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ó ní, "Don Virgilio, ẹ máa yà sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. Màá kọ́ yín kí ẹ lè máa kà á láìfi ìka tọ̀ ọ́."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Inú rere ló fi sọ ọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé ó bọ́ ṣòkòtò nídìí mi ní gbangba.

"Èmi tí mo kọ́ ara mi?" ni mo dá a lóhùn. "Tíṣà, lọ kọ́ àwọn tí kò tíì já lẹ́nu ọmú."

Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ Yọ ní ọjọ́ Ajé, tí orúkọ rẹ̀ jáde, tí ó sì pè mí láti yàrá kejì pé, "Ẹ dúró díẹ̀, Don Virgilio, ó ku ìlà méjì," inú á bí mi. Ṣé èmi ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni?

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo wo bọ́tìnnì pupa. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó wù mí bí ọtí ti ń wu ẹni tó ti búra pé òun ò mu mọ́. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ igbe láti yàrá kejì. "Yéè! Iṣẹ́ àárọ̀ mi!"

Mo yọjú sí i. "Iná ló ṣẹ́jú," ni mo wí.

"Iná? Iná ò lọ níbí o."

"O fẹ́ kọ́ mi ní ti iná náà ni?"

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ. Kì í ṣe ìkánjú. Ó dùn mọ́ mi ni.

Nígbà tí mo fi díìsìkì tuntun sí i, gbogbo ètò ló dìde padà. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Mo wí lọ́kàn mi pé Ẹnjiníà kàn ń fi ẹ̀rù bà wá ni.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Efraín ń gé igi yúkálípítọ́sì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́dọ̀ wa, kí igi tó wó, agégi á ké lẹ́ẹ̀mẹta sí ìsàlẹ̀, kò sì ní fi àáké kan igi mọ́ títí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fi dáhùn. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún Tíṣà fún un kó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kompadre, ṣé ẹ ké kí ẹ tó yọ ọ́?"

"Kọ̀ǹpútà bá mi ké."

"Ṣé wọ́n dáhùn?"

"Tíṣà ló kù. Tíṣà nìkan."

"Ẹni tí kò tíì dáhùn ló wà lábẹ́ igi, kompadre. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹ gé igi yín jàre, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ A yàtọ̀ sí àgbá."

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín, tó nu àáké rẹ̀. "Òótọ́ ni, mi ò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín lọrùn wa wà."

Mo tún ṣe é ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ìgbà kẹta ni mo fẹ́ sọ.

Gonzalo, awakọ̀ wàrà, dé tòun ti hóònù bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ó wọlé, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń rùn fún sìgá.

"Bàbá alákọ̀wé, wàrà mi ń kan!"

"Dúró."

"Ẹ ń kà á ni, àbí ẹ ń gbàdúrà sí i?"

Mo ti tẹ Yọ. Ìkìlọ̀ ti lọ. Ìlà méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo ka ti òkè: Fausto Villacrés, ẹ dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó má baà pariwo pè mí.

Mo na ìka láti tọ ìlà kejì. Mo rí i pé Gonzalo ń wo ìka náà. Mo ká a padà.

"Ta ló kù?" ni Gonzalo bi mí.

"Tíṣà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

N kò ka ìlà kejì. Mo tẹ pupa.

Kò sí igbe lọ́tẹ̀ yìí. Mo kàn gbọ́ tí Fausto ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, tó sì jáde lọ. Mo fi díìsìkì tuntun sí i. Iná aláwọ̀ ewé tàn. N kò ka orúkọ kankan padà. Gonzalo ti ki díìsìkì tó kún sábẹ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó ti ń sáré lọ síbi ọkọ̀.

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí ìṣe wa, wọ́n pe gbogbo alóre tó yí òkè ká lórí rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Runtuloma?"

"Runtuloma nìyí. Kò sí ìṣòro."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí ní ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́rú, oòrùn ràn. Ìkùukùu bo orí òkè, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun. Mo ń wú pòtétò lókè odò ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbójú wo òpó fèrè. Ó dákẹ́.

Efraín wà létí odò pẹ̀lú màlúù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rí i kedere. Ó dúró, ó kọjú sí òpó náà, ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá kan màlúù tó ṣáájú, ó sì wọ inú omi.

Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo sáré, mo ké. "Kompadre! Ẹ padà! Ẹ padà!"

Ó gbójú sókè. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í juwọ́ sí mi. Ó rò pé mo ń kí òun ni.

Ẹrẹ̀ dé. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tó kọjá tán, òpó nìkan ló kù lórí àpáta, fèrè wà lókè rẹ̀, kò dún.

Ọjọ́ kejì la rí i, ní ìsàlẹ̀ odò lọ́nà jíjìn. Ìgbànú rẹ̀ ni Rosaura fi mọ̀ ọ́n.

Nílé òkú, gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló ṣe fèrè? Wọ́n wá yíjú sí mi, nítorí èmi ni alóre. Rosaura jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó gbé ojú sí mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ẹnu mi kò yadi.

Mo ní, "Tíṣà Fausto ló máa ń ki ọwọ́ bọ kọ̀ǹpútà yẹn. Gbogbo ìgbà ló ń wà nídìí rẹ̀. Mi ò sọ pé òun ni o. Ohun tí mo ń rí ni mo sọ."

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí irọ́ nínú gbólóhùn kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà ṣe ń parọ́.

Kí a tó sin Efraín tán, ọ̀rọ̀ náà ti gba gbogbo ìlú. Àwọn òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n fi òkúta fọ́ fèrèsé Tíṣà. Ẹnì kan fi ìgbẹ́ màlúù kun ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó wá bá mi nílé.

"Don Virgilio, ẹ mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kan ètò fèrè."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ Ajé pé kí ẹ dúró. Iye òjò tó rọ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe yọ díìsìkì yẹn?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n yọ ọ́."

"Mi ò bi yín bóyá iṣẹ́ yín ni. Mo ní, báwo lẹ ṣe yọ ọ́?"

Mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́. "Apànìyàn ni wọ́n ń pè mí, Don Virgilio. Ìyá mi ti gbọ́ ọ nílùú wa."

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà lára ìkọ́ ilẹ̀kùn, títí ó fi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, ni ìpàdé ìlú. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti kọ ìwé pé kí Tíṣà Fausto kó kúrò ní Runtuloma kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tó dúró tì í.

Maribel wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wú.

"Kọ̀ǹpútà kì í kàn kìlọ̀ lásán," ni ó wí. "Ó ń kọ gbogbo ìkìlọ̀ tó bá ṣe sílẹ̀, àti ẹni tó dáhùn, àti ẹni tí kò dáhùn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Màá kà á fún yín."

"Rárá." Rosaura ló sọ̀rọ̀. Ó dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ẹnjiníà. Àlejò ni yín. Ẹ fún kompadre mi kó kà á. Ọkọ mi máa ń fi í yangàn pé òun ní kompadre tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé. Ohun tó bá kà ni màá gbà gbọ́."

Maribel wò mí. Ó mọ̀. Ó tún wo Rosaura. "Doña Rosaura, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹ fún un."

Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ sọ pé n kò mú awò ojú mi wá. Awò náà wà lójú mi. Mo ronú láti fo ìlà kan. Ṣùgbọ́n Rosaura ti sún mọ́ mi, ó dúró bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè.

Mo fi ìka tọ̀ ọ́. Mo kà á.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Virgilio Sailema fẹ́ yọ díìsìkì. A ti kìlọ̀ fún ẹni mẹ́ta tó ń lò ó. Ètò ìgbọ́ òkè: ó ti ṣetán. Fausto Villacrés: ẹ dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo wá dé ìlà tí n kò kà ní ọjọ́ Ajé.

"Ètò fèrè odò: ó ń ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má tíì yọ ọ́."

Mo dá ìka mi dúró síbẹ̀.

"Ẹ máa kà á lọ, kompadre," ni Rosaura wí. Kò tíì yé e.

"Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A fagbára yọ ọ́. Ẹni tó yọ ọ́: Virgilio Sailema. Ètò fèrè odò: kò dáhùn mọ́."

Láti ẹnu ọ̀nà ni Gonzalo ti sọ̀rọ̀. "Jésù o. Mo wà níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló kù. Ó ní Tíṣà ni."

Rosaura kò sunkún. "Ẹ tún un kà," ni ó wí.

Mo tún un kà.

Àwọn àgbà gba kọ́kọ́rọ́ àti rédíò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n da omi òkè tó tutù bíi yìnyín lé mi lórí níwájú gbogbo ìlú, wọ́n fi ewé èsìsì nà mí, wọ́n ní kí n ru òkúta yí gbọ̀ngàn ká bí òfin wa ti wí. Ó jó mi lára, ṣùgbọ́n kò jó mi tó bí mo ti fẹ́. Ẹjọ́ ti ìlú ńlá ṣì ń bọ̀. N kò ní gba agbẹjọ́rò kankan.

Mo kúnlẹ̀ fún Tíṣà Fausto. Ó ní, "Mo gbọ́." Kò fi nǹkan kan kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ló di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Àwọn ọmọ Runtuloma lo oṣù mẹ́rin láìní olùkọ́.

Ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò pọ̀. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò lábẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a kò dúró gbọ́ èsì rẹ̀, ariwo lásán ni. Wọ́n bá mi kìlọ̀. Wọ́n kọ èsì síwájú mi, ní ọ̀rọ̀ tí mo lè kà. Èmi ni n kò dúró.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo lọ sọ́dọ̀ Rosaura. Ó ń fún wàrà màlúù kan tí àwọn aládùúgbò fi ta á lọ́rẹ. Kò lé mi.

"Komadre, mo wá bẹ̀ yín."

"Mo ti rí yín."

Ó fún wàrà lọ títí. Láìgbójú sókè, ó wá ní, "Ká ní ẹ dúró bí Tíṣà ṣe wí, ṣé fèrè ì bá ti ṣetán?"

"Ẹnjiníà ní ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù fún un."

"Gonzalo sọ fún mi pé òun ò tètè lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yà jẹ àgbàdo sísè lójú ọ̀nà."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, kompadre?" Ó wá wò mí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tí ẹ ò lè dúró, kí lẹ padà fi ṣe?"

Mo la ẹnu. Mo wá ìdáhùn náà nínú iyè mi. Mo mọ̀ pé mo ti ilẹ̀kùn ilé kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá mo jókòó síta nínú oòrùn. Bóyá mo mu omi. Bóyá mo kàn dúró.

"Mi ò rántí, komadre."

Ó gbé korobá wàrà rẹ̀, ó wọlé lọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù náà, mo ṣì ń wá a.